Títì àdúgbò tó di ọ̀nà àbùjá: ṣé bọ́ǹpù ni àbí ọ̀nà kẹ̀kẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Adó-Èkìtì là ń gbé, lápá ọ̀nà Ìwòròkò. Èèyàn lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rin títì àdúgbò wa já, ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí i ni gbogbo ọlọ́kọ̀ tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá. Eré àsápajúdé ni. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kadà gbá ọmọ aládùúgbò mi níbi tó ti lọ ra búrẹ́dì. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ ló kán. Ẹgbẹ́ onílé fẹ́ da bọ́ǹpù mẹ́jọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, kí a fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́, torí àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé ti ń pọ̀. Àwọn tó ní ọkọ̀ ní a fẹ́ ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Ìpàdé ti túká pẹ̀lú ìbínú lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa jókòó. Èwo ni ká ṣe?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn.

Eré ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí eré ọkọ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè wà lójú títì kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ láìsí ìlà kankan. Bí eré kò bá rọlẹ̀, ìlà ọ̀dà funfun kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọkọ̀. Nínú ohun méjèèjì tí ẹ ń jà lé lórí, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ onílé ni mo wà, àmọ́ kì í ṣe irú bọ́ǹpù tí mo fura pé wọ́n ní lọ́kàn.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ ní Adó yìí. Èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa lọ́dún tí a da bọ́ǹpù. Ọdún yẹn kan náà la fi ọwọ́ ara wa fọ́ ọ. Màá sọ ìdí rẹ̀.

*

Àwọn ọlọ́kọ̀ á kọ́kọ́ sọ fún yín pé òfin gba àwọn láyè láti sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí àwọn máa rìn bí ìgbín? Òótọ́ ni, 50 ni òfin ìrìnnà Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ àti ọ̀kadà níbi tí ilé bá wà. Ṣùgbọ́n ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni òfin sọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni sá a dé ibẹ̀ lójú títì tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí títì yín. Ọmọ yọ láàárín ọkọ̀ méjì tó wà ní ìdúró, mítà 15 níwájú awakọ̀. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń sá 30 á ti rin nǹkan bíi mítà 8 nínú àáyá kan yẹn, bíréèkì á sì gba bíi mítà 5 sí i. Ó dúró ní mítà 13, ọmọ ń wò ó lójú. Ẹni tó ń sá 50 á ti rin mítà 14 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ eré tó bá bọ̀ gan-an ló máa fi gbá ọmọ náà. Mítà 28 ló nílò kó tó lè dúró, ìyẹn bí ìgbà tí ọkọ̀ mẹ́fà bá tò síwájú ara wọn. Títì gbígbẹ ni mo fi ṣírò o, pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Ẹ wá fi òjò oṣù Keje àti táyà ọ̀kadà tó ti pá kún un.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti sọ ọ́: bí eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pa èèyàn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé àgbáyé lórí ààbò ojú ọ̀nà tó wáyé ní Stockholm, olú ìlú Sweden, ní oṣù Kejì ọdún 2020 fi fẹnu kò pé níbi tí ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ọ̀nà, kí eré má ju 30 lọ.

Àkókò tí wọ́n ní ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ńkọ́? Bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ni títì yín, á wà níbi mítà 800. Ẹni tó bá sá 60 á já a ní àáyá 48. Ẹni tó bá rọra sá 30 á lo àáyá 96. Àáyá 48 péré ni gbogbo ìjà yìí dá lé lórí. Kò tó àkókò tí ọlọ́kadà fi ń wá ṣéńjì fún èrò.

*

Mo ní màá sọ ìdí tí a fi fọ́ bọ́ǹpù tiwa.

Alẹ́ Sátidé kan la dà á, lẹ́yìn tí ọkọ̀ kan pa ewúrẹ́ méjì tó sì kù díẹ̀ kó gbá ìyá àgbà kan. Inú ń bí gbogbo wa. Sìmẹ́ńtì àpò mẹ́ta, yanrìn, omi, kò sẹ́ni tó mú téèpù wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí a rí ga tó íǹṣì mẹ́jọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì pé ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ògiri la mọ sójú títì.

Àwọn ọlọ́kọ̀ àdúgbò gan-an ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí wọ́n ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Sàlẹ́ńsà ń já, ṣọ́ọ̀kì abẹ́ ọkọ̀ ń kú. Lóru ọjọ́ kan, táásì tó gbé aboyún tó ń rọbí kọ́ sórí rẹ̀, ọwọ́ la fi gbé ọkọ̀ náà kúrò. Ó bímọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò dáhùn kíkí mi fún bí oṣù mẹ́fà, mi ò sì dá a lẹ́bi. Òjò dé, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè dúró sẹ́yìn bọ́ǹpù bí adágún, ó jẹ ọ̀dà títì náà títí ó fi di kòtò. Àwọn ọlọ́kadà tí a tìtorí wọn dà á kò tilẹ̀ gùn ún. Etí gọ́tà ni wọ́n ń yà gbà, ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá. A fi ọwọ́ ara wa ti ewu láti àárín títì sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, a gbé dígà, a fọ́ ọ.

Torí náà, mẹ́jọ tí àwọn onílé yín pè é kọ́ ni ìṣòro. Fún mítà 800, kò pọ̀ jù, nítorí bí bọ́ǹpù bá jìnnà síra ju mítà 100 lọ, awakọ̀ á tún tẹ iná láàárín méjì. Ìrísí rẹ̀ ni kí ẹ jà sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú ọ̀mọ̀wé ńlá jókòó ṣírò rí. Arthur Compton, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1927, ló ṣírò irú bọ́ǹpù tó yẹ ní 1953, nítorí àwọn ọkọ̀ tó ń sáré kọjá níwájú yunifásítì tó ń darí ní St. Louis. Àwọn onímọ̀ ìrìnnà ní Bìrìtìkó tún wá dán an wò láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé èyí tó gùn, tó lọ sílẹ̀, ló dára: mítà 3.7 láti ibi tí táyà bá ti gùn ún dé ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ìyẹn ni bí ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn, íǹṣì mẹ́rin ní gíga, ó rọra wú bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ẹni tó bá rọra ń bọ̀ á kàn gbọ́ ọ nídìí. Ẹni tó bá sáré bọ̀, ìjókòó á jù ú sókè. Sàlẹ́ńsà kò sì ní kàn án.

Nǹkan mẹ́ta tí a kò ṣe rèé. Ẹ fi àyè omi sílẹ̀ létí gọ́tà, kí ẹ sì ri òpó kúkúrú kan mọ́ àyè náà kí ọ̀kadà má lè gbabẹ̀. Ẹ kun ún, ẹ sì máa tún un kùn, torí bọ́ǹpù tí kò hàn lóru lè pànìyàn. Bí títì yín bá sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí òkè, níbi tí ọkọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ni kí ẹ fi àkọ́kọ́ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí eré ti gbà á lọ́wọ́ awakọ̀.

*

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ti tún yí padà níbí o. Àwọn oní-Marúwá gbọ́ pé a ń ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́, wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, wọ́n ní ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà tiwọn.

*

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu wa lónìí, “kẹ̀kẹ́” ni Marúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá wa gùn ti pẹ́ kúrò lójú ọ̀nà débi pé ẹlòmíràn ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ “kẹ̀kẹ́ ológeere” sínú ìwé ìpàdé yín, kí ẹ sì kà á sókè ketekete.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn oní-Marúwá yẹn ti fi hàn yín láìmọ̀: bí ẹ bá fa ìlà, àwọn ló máa wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn, ọ̀kadà ni. Bí ọ̀kadà bá lọ, ọlọ́kọ̀ kan á gúnlẹ̀ síbẹ̀ nítorí ó fẹ́ ra ẹ̀kọ. Mo ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, àmọ́ mi ò fẹ́ ìlà tó máa tan ọmọ ọdún mẹ́wàá jẹ pé ibí yìí kò léwu.

Ẹ wọn títì náà. Ọ̀pọ̀ títì àdúgbò tí mo wọ̀n, ọ̀dà rẹ̀ kì í ju mítà 6 tàbí 7 lọ láti gọ́tà dé gọ́tà. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ mítà 1.5 ó kéré tán. Lọ́tùn-ún lósì, mítà 3 ti lọ. Mítà 3 tàbí 4 ló kù fún ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Wọn ò ní lè gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láìwọnú ìlà. Gọ́tà jíjìn tí kò ní ìdérí ló tún wà lápá kejì ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi kì í gun kẹ̀kẹ́ sún mọ́ gọ́tà láé. Mo máa ń wà ní bíi mítà kan sí i, ọlọ́kọ̀ ìbáà fun fèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn ọ̀dọ́ yín á sọ pé, Netherlands, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ lójú ọ̀nà, ńkọ́? Mo mọrírì ìbéèrè yẹn. Ní Netherlands gan-an, títì ńlá ni wọ́n ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí. Ní títì àdúgbò tí òté eré jẹ́ 30, àárín ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà, torí ọkọ̀ kò sáré. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ja ìjà ọ̀nà kẹ̀kẹ́, mo bá wọn lọ: ẹ jẹ́ ká jà á lórí títì tó lọ láti Adó dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Kí ìjọba mọ ògiri kọnkéré kúkúrú sáàárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà.

Ibì kan ṣoṣo ni mo lè gbà fún ìlà ní títì yín: ibi gíga. Adó kún fún òkè, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ kì í lè lọ tààrà, á máa yí sọ́tùn-ún sósì bó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ fún un ní mítà 1.5 lápá tó ń gòkè nìkan. Lápá tó ń sọ̀, eré òun àti ọkọ̀ tó rọra ń lọ kò jìnnà síra, kí wọ́n jọ máa lọ.

*

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Bàbá mi, tíṣà ni. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú ni ó fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, á tì í gun òkè, á sì jókòó lé e sọ̀. Títì eléruku ni nígbà yẹn, wọn kò fa ìlà kankan fún un, ẹ̀rù kò sì bà á rí, nítorí kí ọkọ̀ mẹ́ta tó kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ tèmi, ó ní, “Ṣé o fẹ́ kú ni?” Ojú ọ̀nà ló yí padà sí ohun tó ń dẹ́rù bà á.

Ohun kejì tó là mí lójú ni òde ìsìnkú kan ní àdúgbò wa. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe: kánópì gba ìdajì títì, àga àti tábìlì jókòó sórí ọ̀dà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sí ọkọ̀ tó sáré. Àwọn awakọ̀ kan náà tó ń fò kọjá lójoojúmọ́ ń rọra yọ́ lọ, wọ́n ń kí èèyàn látojú fèrèsé. Títì tó fún ló pa eré wọn.

Ohun tí àwọn ará ìlú Delft ní Netherlands ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1960 kò yàtọ̀ sí i. Wọ́n gbé igi, ìjókòó àti ibi ìṣeré ọmọdé sójú títì àdúgbò, ọkọ̀ wá di àlejò níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè náà gbà á wọlé ní 1976. Ẹ má sì rò pé bí wọ́n ṣe wà láti ilẹ̀ nìyẹn: ní 1971, ìjàǹbá ọkọ̀ pa èèyàn tó lé ní 3,000 lọ́dọ̀ wọn, ọmọdé tó lé ní 400 wà nínú wọn, ìyá àti bàbá ló jáde sígboro láti pariwo.

Nítorí náà, nínú bọ́ǹpù mẹ́jọ yẹn, ẹ lè fi títì tó fún rọ́pò méjì tàbí mẹ́ta: dúrọ́ọ̀mù tí ẹ rọ kọnkéré sí, tí ẹ kùn ní funfun, ọ̀kan lápá ọ̀tún, òmíràn níwájú díẹ̀ lápá òsì, kí ọkọ̀ máa yà kọjá láàárín wọn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e kúrò. Kò ní gba dígà.

*

Ẹnìkan dábàá géètì, ó ní àdúgbò yín ti ní ti alẹ́ fún ààbò, kí ẹ kúkú máa ti ẹnu ọ̀nà kan pa lọ́sàn-án náà, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa gba ilẹ̀kùn kékeré.

Mi ò ní purọ́, kò sí ohun tó ń pa ọ̀nà àbùjá bíi kí ọ̀nà náà má já síbì kankan. Ẹni tí kò ní ilé níbẹ̀ kò ní ìdí láti wọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ títì ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ onílé, ẹ kò sì lè tì í láìgba àṣẹ. Ibo sì ni àwọn ọkọ̀ yẹn máa gbà? Títì kejì ni, ọmọ wà níbẹ̀ náà. Mo takò ó, àyàfi tí àwọn àdúgbò tó yí yín ká bá jókòó pẹ̀lú yín, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì náà ńkọ́, tí iná bá sọ lọ́sàn-án tó sì ti lọ jẹun?

Ní ti àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń bẹ̀rù pé títà á kú: ọkọ̀ tó ń sáré kì í ra nǹkan. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé wa sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ ni òun ń tà.

*

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ nínú gbogbo ìjà yín, òun ni mo kà sí jù. Ọmọ tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yẹn kò gun kẹ̀kẹ́. Kò wà nínú ọkọ̀. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì. Ibo ni ẹ fẹ́ kó rìn? Gọ́tà lápá kan, ọkọ̀ lápá kejì.

Bí owó yín bá kéré, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀dà funfun. Ẹ fi àwo kọnkéré bo gọ́tà lápá kan títì, kódà kó jẹ́ láti ilé ìwé dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì nìkan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn, láìgba íǹṣì kan lọ́wọ́ ọkọ̀. Kí àwo náà ṣeé gbé, kí ẹ lè kó ìdọ̀tí gọ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á wọ ilé yín. Àwọn àgbààgbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn á gbàdúrà fún yín.

*

ÌBÉÈRÈ: Alága ní òun gbà, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun pé ìjà á tún bẹ́ ní Sátidé.

*

Ẹ má ṣe ìpàdé náà nínú pálọ̀. Ẹ ṣe é lójú títì, aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ mú téèpù, ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé àti okùn wá. Ẹ pe aṣojú ọlọ́kadà kan àti ti Marúwá kan, torí ẹni tí a kò pè ló máa wó òpó yín lóru. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa mítà 1.5 lápá méjèèjì, kí gbogbo èèyàn dúró wo bí ọkọ̀ méjì ṣe fẹ́ pàdé láàárín rẹ̀. Kí dírẹ́bà kan rọra wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ ní 30, kí gbogbo yín rí bí 30 ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ tó ń bínú sí i kò mọ̀ ọ́n lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ òde pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ibi tí bọ́ǹpù máa wà. Ẹ má tún da nǹkan kan lóru.

Mo nílò nǹkan méjì lọ́wọ́ yín: fífẹ̀ ọ̀dà náà láti gọ́tà dé gọ́tà, àti ibi tí òkè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ síbí, màá ya ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà fún yín kí ó tó di Sátidé.